Orúkọ Tí A Kò San ní Bodè

Ẹni tí ó jókòó sórí gbòǹgbò igi, kí ó sún díẹ̀, kí ẹni tí ó dúró náà lè rí ibi fìdí lé. Ẹni tí iṣẹ́ bá ń pè, kí ó tètè lọ, nítorí bí mo bá bẹ̀rẹ̀, n kì í dúró de ẹni tí ó lọ tọ̀. Èmi Ọdẹ́jìmí, ọmọ ọdẹ, ọkọ ìbọn, ẹni tí ẹkùn rí tí ó rántí pé òun ní iṣẹ́ lódìkejì odò, ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀. N kò gbèrò láti sọ ìtàn kankan lónìí. Ẹsẹ̀ ń dùn mí, mo sì fẹ́ sinmi, ṣùgbọ́n Làmídì tí ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe ní ìta yìí ni ó fà á.

Ẹ̀yin náà ṣáà gbọ́. Mo ké sí àbúrò mi obìnrin pé kí ó bu omi wá fún àlejò. Mo ní, “Abùmifúnyàwó o!” Làmídì bú sẹ́rìn-ín. Ó ní, “Bàbá, ṣé orúkọ tí ìyàwó fi ń pe ọmọ ọkọ rẹ̀ kọ́ nìyẹn? Àbí ẹ̀yin náà ti di ìyàwó ilé yìí ni?” Ni gbogbo yín bá bá a rẹ́rìn-ín, títí kan ẹni tí kò ní eyín tí yóò fi rín in.

Abéèrè ọ̀nà kì í ṣìnà, Làmídì, n kò bínú sí ọ. Ṣùgbọ́n dá ẹ̀rín náà dúró ná, nítorí ohun tí o fi ń ṣẹ̀fẹ̀ yìí ni ó gba ọmọ ìyá mi lọ́wọ́ ikú tí kò ní ibojì.

Ẹ̀yin ìyàwó òde òní tí ẹ ń pe ọmọ ọkọ yín lórúkọ ganboro, ẹ tẹ́tí. Nígbà tiwa, bí ìyàwó bá wọlé, kò gbọdọ̀ dárúkọ ẹnikẹ́ni tí ó bá lọ́dẹ̀dẹ̀ ọkọ, ìbáà ṣe ọmọ ọwọ́. Yóò wojú ọmọ náà, yóò wo ìṣe rẹ̀, yóò sì fún un ní orúkọ tí òun nìkan yóò máa pè. Ọjọ́ tí wọ́n fọ ẹsẹ̀ Morọ́mọkẹ́ ìyàwó mi lẹ́nu ọ̀nà, àbúrò mi yìí ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rìn ni. Ìyàwó jókòó, ó daṣọ borí, ó ní, “Òùngbẹ ń gbẹ mí. Mo ti ọ̀nà jíjìn wá, n kò sì mọ ẹnìkan nínú ilé yìí.” Kí àgbà kan tó dìde, ọmọ náà ti gbé igbá. Ó ń gbé omi bọ̀, ó ń dà á lọ́tùn-ún, ó ń dà á lósì. Nígbà tí yóò fi dé ọ̀dọ̀ ìyàwó, èyí tí ó kù nínú igbá kò kún ẹnu. Morọ́mọkẹ́ mu ún, ó ní òùngbẹ òun ti tán, ó sì sọ ọ́ ní Abùmifúnyàwó.

Bàbá wa ti kú nígbà náà. Kò pẹ́ tí ìyá wa náà tẹ̀ lé e. Ọwọ́ ìyàwó mi ni ọmọ náà dàgbà sí, ẹ̀yìn rẹ̀ ni ó ń sùn sí, òun ni ó sì kọ́ ọ bí a ti ń ṣa ewé mọ́ínmọ́ín. Síbẹ̀ ìyàwó mi kò pè é ní “ìwọ” rí. “Ẹ̀yin ọkọ mi” ni ó ń pe ọmọ tí ó ń wẹ̀ fún.

Ó wá di ọdún kan, òjò ṣíwọ́ láàárín ọdún gẹ́gẹ́ bí ìṣe rẹ̀, ilé-ìwé gba ìsinmi, ọ̀rọ̀ dé. Ọ̀rẹ́ àbúrò mi kan ti bá bàbá rẹ̀ gun Olúmọ. Òmíràn ti lọ sí Èkó, ó ti rí òkun, ó sì bu iyanrìn rẹ̀ sínú ìgò wálé, ó ń fi í han ọmọ gbogbo. Àbúrò mi kò rí ju oko wa àti odò wa lọ. Ó kọ oúnjẹ, ó kojú sí ògiri. Ọ̀rọ̀ náà dùn mí. Mo ní, “Kí ni òkun? Omi tí kò ṣeé mu. Kí ni Olúmọ? Òkúta tí kò rí ibi lọ. Mo mọ ọ̀nà kan nínú igbó tí a ń pè ní Yàwáwòmí. Ohun ìyanu ni ó tò sí ẹ̀bá rẹ̀ lọ́tùn-ún lósì. Lọ́la ni a ó lọ, kí oòrùn tó wọ̀ a ó ti padà wálé.” Irọ́ kọ́ ni mo pa. Mo ti dé ibẹ̀ rí, ṣùgbọ́n ẹ̀yìn ni mo gbà wọ̀ ọ́ bí ọdẹ, èmi nìkan, n kò gba ẹnu bodè.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ péjọ láti wo bí a ó ṣe lọ. Ìyàwó mi ń di àkàrà àti ẹ̀kọ sínú agbọ̀n, ó ké sí i pé, “Abùmifúnyàwó, ẹ bá mi mú kèrègbè omi wá!” Àwọn ọmọ náà rẹ́rìn-ín títí. Inú bí àbúrò mi. Ó ní, “Ìyàwó wa, mo ti dàgbà. Ẹ má fi orúkọ ọmọ ọwọ́ yẹn pè mí mọ́. Bí ẹ bá tún pè mí bẹ́ẹ̀, n kò ní dá yín lóhùn láéláé.”

Morọ́mọkẹ́ gbé agbọ̀n sílẹ̀. Ó ní, “Ó dáa, ọkọ mi. Mo ṣèlérí, n kò ní pè yín bẹ́ẹ̀ mọ́.” Ó lọ mú kèrègbè náà fúnra rẹ̀. Ó dùn ún, mo rí i, ṣùgbọ́n ìrìn-àjò ni ó wà lọ́kàn mi.

Bí a ṣe dé ibẹ̀, ẹ má bi mí. Ọ̀nà yẹn kì í ṣe èyí tí ẹsẹ̀ ń mọ̀. Ìgbà tí ó bá wù ú ni ó ń bọ́ sábẹ́ ẹsẹ̀ ènìyàn. Ohun tí a kọ́kọ́ rí ni igi àràbà tí ń sín. Bí ó bá sín, gèlè á fò, fìlà á fò, ẹyẹ orí rẹ̀ á bọ́ sílẹ̀, wọn á sì tún gòkè lọ jókòó. Bí a kò bá kí i ní “pẹ̀lẹ́” kíákíá, yóò sunkún, omi ojú rẹ̀ yóò sì gbá ọ̀nà lọ. Àbúrò mi kí i, igi náà sì fi ẹ̀ka kan kàn án lórí jẹ́jẹ́. Lẹ́yìn rẹ̀ ni òkè kan tí ó ní ìdodo. Bí ènìyàn bá rin ín ní ìdodo, gbogbo òkè á mì tìtì, òkúta á máa yí gbirigbiri bọ̀ nílẹ̀ nítorí ẹ̀rín. Ọmọ náà rin ín títí, èmi sì ń fò fún òkúta kiri. Ẹ̀yin tí ẹ rò pé àgbà ọdẹ kì í sá, ẹ lọ dúró sábẹ́ òkè tí ń rẹ́rìn-ín kí ẹ tó sọ̀rọ̀.

Ìkòkò ni ó tẹ̀ lé e. Ó ga ju ilé Baálẹ̀ lọ, wọ́n dojú rẹ̀ dé ilẹ̀, wọ́n sì lu ilẹ̀kùn sí i lára. Ìyá arúgbó kékeré kan ni ó ń gbé inú rẹ̀. Irun rẹ̀ gùn ju òun fúnra rẹ̀ lọ, ó sì ń fi í gbálẹ̀ bí ó ti ń rìn. Ó ní kí a wọlé wá wo ìkòkò òun kí a sì fún òun ní oúnjẹ. Mo ní a kò ní èyí tí ó pọ̀. Ìyàwó mi kúnlẹ̀, ó sì fi ọwọ́ méjèèjì gbé àkàrà fún un.

Ìyá náà jẹ ẹ́ tán. Ó ní, “Ìyàwó tí ó mọ ìkúnlẹ̀, gbọ́. Ibi tí ẹ ń lọ, ohun tí ẹ bá fi ń yangàn ni wọn yóò gbà lọ́wọ́ yín. Ohun tí ẹ bá tì sí ẹ̀yìn ilẹ̀kùn ni yóò mú yín délé. Bí oòrùn bá fara kan orí òkè tí ẹ kò sì tíì jáde, ẹ ti di ti ibẹ̀.”

Mo ní, “Ìyá, ṣé ọ̀rọ̀ ni èyí àbí àlọ́?”

Ó ní, “Bí o bá gbọ́ ọ, ọ̀rọ̀ ni. Bí o kò bá gbọ́ ọ, àlọ́ ni.” Ó sì ti ilẹ̀kùn ìkòkò rẹ̀.

Bí a ti rìn síwájú díẹ̀, a kan bodè. Ẹ̀gún ni wọ́n hun ún, ẹ̀gún náà sì ń mí. Oníbodè dúró níwájú rẹ̀. Ojú rẹ̀ fẹ̀ tó atẹ, ṣùgbọ́n etí ni ó pọ̀ jù lára rẹ̀. Etí wà ní ibi tí etí ń wà, etí wà ní èjìká, etí sì wà ní àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ méjèèjì. Ó na ọwọ́ sí wa láti gbọ́ bí a ti ń mí.

Ó ní, “Àlọ́ o!”

Kí n tó fọwọ́ dí ẹnu àbúrò mi, ó ti ní, “Àlọ̀!”

“A gbé e wọ ọmọ ní ọjọ́ kẹjọ. Kò bọ́ ọ títí ó fi darúgbó. Kò fọ̀ ọ́ rí, kò sì gbó.”

Ọmọ náà fò sókè. “Orúkọ ni!”

Oníbodè rẹ́rìn-ín. “O gbà á, ọmọ ọlọ́gbọ́n. Òun gan-an ni a sì fi ń wọlé níbí. Ẹni tí ó bá já àlọ́ ni ó ń san fún ìdílé rẹ̀. San án.”

Ẹ̀yin ọmọ ọdẹ mọ̀ pé a kì í dárúkọ ara wa nínú igbó, nítorí a kò mọ ẹni tí ń gbọ́. Mo di ọmọ náà lápá mú, mo ní, “Dákẹ́, a ń padà sílé!” Ṣùgbọ́n ẹyin lohùn. Ó ti dá orúkọ tí bàbá wa sọ ọ́. Oníbodè ní, “Ṣé ọ̀kan ṣoṣo ni? Ọmọ tálákà ni ọ́ ni?” Ẹ gbọ́ bí ó ti mọ wá tó! Ta ni nínú wa tí a óò sọ bẹ́ẹ̀ fún tí kò ní dáhùn? Inú bí ọmọ náà. Ó dá èyí tí ìyá wa sọ ọ́. Ó dá ti ìyá àgbà, ó dá ti ẹ̀gbọ́n bàbá wa, ó dá ti gbogbo ẹbí tí ó sọ owó sínú omi lọ́jọ́ ìkómọ. Ó ki oríkì rẹ̀, ó tò ó dé ìdí orílẹ̀ wa. Bí ó ti ń dá wọn ni etí inú àtẹ́lẹwọ́ náà ń ṣí, tí ó ń pa dé.

Ṣé ẹ fẹ́ kí n dá àwọn orúkọ náà fún yín? Ẹ fara balẹ̀. Ẹ ó rí ìdí tí n kò fi lè ṣe é.

Oníbodè ní, “Ṣé ó tán?”

Àbúrò mi wo ìyàwó mi. Ó wo ilẹ̀. Ó ní, “Ó tán.”

Morọ́mọkẹ́ yí ojú sí ẹ̀gbẹ́ kan. Oníbodè na àtẹ́lẹwọ́ sí i. “Ìwọ obìnrin yìí ńkọ́? Orúkọ wo ni ìwọ ń pè é?”

Ìyàwó mi ní, “Ẹ jọ̀ọ́, ìyàwó kì í pe ọmọ ọkọ lórúkọ.”

Oníbodè bú sẹ́rìn-ín, gbogbo etí rẹ̀ ń mì. Ẹ mọ̀ pé iwin ni. Iwin kì í gbéyàwó, ìdí igi ni wọ́n ti ń hù. Kò mọ ohun tí ọ̀rọ̀ yẹn túmọ̀ sí láàárín ọmọ ènìyàn. Ó ní, “Ẹ wo ẹni tí kò ní nǹkan kan láti san! Ó ń bá ọmọ gbé, kò sì ní ohun tí ó ń pè é. Ẹ kọjá.” Ẹ̀gún náà là, a wọlé, ó sì pa dé lẹ́yìn wa.

N kò ní tàn yín, ìran ibẹ̀ dùn. Òbúkọ olórí méjì kan wà tí orí kan rẹ̀ ń bá èkejì ṣẹjọ́ lórí ẹni tí ó jẹ koríko àná. Ilé kan wà tí wọ́n kọ́ ní àdojúdé, tí onílé ń fi orí rìn lórí àjà, tí ọbẹ̀ rẹ̀ kò sì dànù. Ọjà kan wà tí bàtà ẹsẹ̀ òsì nìkan ni wọ́n ń tà níbẹ̀, àwọn tí ń rà á sì ń fi ẹsẹ̀ kan fò lọ. Àbúrò mi ń rẹ́rìn-ín, ó ń pàtẹ́wọ́, ó ń sọ ohun tí òun yóò sọ fún ọmọ oníyanrìn inú ìgò. Èmi ń wo oòrùn. Mo pe àbúrò mi pé kí ó má jìnnà sí wa, mo rí i pé “ìwọ” ni mo pè é. Mo fẹ́ pè é lórúkọ, orúkọ náà kò wá sí mi lẹ́nu. Mo rò pé àárẹ̀ ni.

Lẹ́yìn ọjà náà ni a dé ibi àwọn pèpéle. Orí pèpéle kọ̀ọ̀kan ni ènìyàn dúró sí. Ọkùnrin kan ń yán láìdákẹ́. Obìnrin kan ń ya irun tí kò lópin. Àwọn iwin ń kọjá, wọ́n ń wò wọ́n, wọ́n ń fi wọ́n ṣẹ̀rín. Mo súnmọ́ ọkùnrin tí ń yán. Èèpo igi ti bo ẹsẹ̀ rẹ̀ dé orúnkún. Láàárín ìyán kan àti èkejì ó sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́ sí mi.

“Ẹ̀yin ará òde, ẹ jọ̀wọ́, kí ni mo ń jẹ́? Ìyàwó àti ọmọ mi ni mo kó wá wòran. Nígbà tí oòrùn ń lọ, wọ́n la ẹnu láti pè mí, wọn kò rí ohun tí wọn yóò pè.”

Pèpéle tí ó kángun sí tirẹ̀ ṣófo. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbá a ni. Ó kéré, ọmọdé ni ó bá a mu. Ẹ̀rù bà mí, èmi Ọdẹ́jìmí, mo sì ń sọ ọ́ níwájú yín láìtijú. Mo di ọwọ́ àbúrò mi mú, mo ní a ń lọ.

Ìgbà náà ni Oníbodè yọ lẹ́yìn pèpéle, ohùn rẹ̀ sì dún. Ó pe orúkọ kan. Àbúrò mi gbé ẹsẹ̀ kan sí ọ̀nà pèpéle. Ó pe òmíràn, ó tún gbé ẹsẹ̀. Mo fà á sẹ́yìn, ó wọ́ mi tẹ̀ lé ara rẹ̀, èmi tí mo ti di ìwo ẹfọ̀n mú rí! Mo kígbe, “Má dá a lóhùn! Ìwọ… ìwọ…” Gbogbo orúkọ tí Oníbodè bá pè ni ó ń lọ kúrò lẹ́nu mi. Mo gbọ́ wọn bí ó ti ń pè wọ́n, bí wọ́n bá ti kọjá, bí ẹni pé n kò gbọ́ wọn rí. Nígbà tí ó ki oríkì rẹ̀ dé ìdí orílẹ̀, ọmọ náà gun pèpéle, ó sì kojú sí ọ̀nà.

Mo yọ ìbọn. Ìbọn mi tí kì í tàsé wú ikọ́, ó tu ẹ̀tù sílẹ̀, ó dákẹ́. Mo jù ú nù, mo fò mọ́ Oníbodè, mo di etí rẹ̀ mú. Bí mo bá fa ọ̀kan, òmíràn á gbọ́ ohun tí mo fẹ́ ṣe kí n tó ṣe é. Ó gbé mi, ó sọ mí mọ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ òbúkọ olórí méjì, orí kan ní mo kú, orí kejì ní n kò kú. Ikú odò ní í pa òmùwẹ̀. Mo dìde, mo sáré lọ di ẹsẹ̀ àbúrò mi mú. Èèpo igi ti yọ ní gìgísẹ̀ rẹ̀. Mo ń sunkún, mo ń wo ojú rẹ̀. Ó wò mí bí ènìyàn ti ń wo ẹran tí ń kọjá lójúde, kò sì mọ̀ mí.

Oòrùn kù díẹ̀ kí ó fara kan orí òkè.

Mo gbọ́ tí nǹkan balẹ̀ lẹ́yìn mi. Morọ́mọkẹ́ ti sọ agbọ̀n kalẹ̀. Ó bọ́ síwájú pèpéle, ó pè é jẹ́jẹ́.

“Abùmifúnyàwó.”

Ọmọ náà kò mira. Mo kígbe, “Pè é kíkan! Obìnrin yìí, tún un pè!” Morọ́mọkẹ́ wojú mi. Ó ní, “Mo ṣèlérí fún wọn pé n kò ní pè wọ́n bẹ́ẹ̀ mọ́, Bàbá. Àárọ̀ òní ni mo ṣèlérí.” Ó wá kúnlẹ̀ lórí eruku, orúnkún méjèèjì, níwájú ọmọ tí ó pọ̀n dàgbà.

“Ọkọ mi, ẹ foríjì mí. Mo ti yẹ àdéhùn. Abùmifúnyàwó!”

Ojú ọmọ náà ṣẹ́. Ètè rẹ̀ mì. Ohùn tí ó jáde kéré, ó sì kún fún ìbínú. “Mo ní n kò ní dá yín lóhùn.”

Ẹ̀yin ènìyàn mi, inú mi dùn ju ti ọjọ́ tí mo pa ẹfọ̀n àkọ́kọ́ lọ! Ohùn rẹ̀ ni. Ọmọ tí ó ṣì lè bínú sí ara ilé rẹ̀ kò tíì lọ.

Morọ́mọkẹ́ kò dìde. Ó fa gèlè rẹ̀ bojú gẹ́gẹ́ bí ó ti ṣe lọ́jọ́ tí ó wọlé wa. Ó ní, “Ẹ má dá mi lóhùn, ọkọ mi. Òùngbẹ ni ó ń gbẹ mí. Mo ti ọ̀nà jíjìn wá, n kò sì mọ ẹnìkan nínú ilé yìí.”

Ọmọ náà wo ìsàlẹ̀. Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì, bí ẹni tí ń wá igbá. Ó gbé ẹsẹ̀. Èèpo igi náà fàya, ẹ̀jẹ̀ jáde, kò wò ó. Ó sọ̀ kalẹ̀, ó lọ síbi agbọ̀n, ó tú ẹnu kèrègbè, ó da omi sínú igbá tí a fi dé àkàrà. Ó ń gbé e bọ̀, omi ń dà lọ́tùn-ún lósì. Nígbà tí yóò fi dé ọ̀dọ̀ ìyàwó mi, èyí tí ó kù kò kún ẹnu. Morọ́mọkẹ́ mu ún tán. Ó ní òùngbẹ òun ti tán.

Mo gbé ọmọ kọ́ èjìká, mo fa ìyàwó mi dìde, a sáré. Oníbodè ti dúró sí ẹnu ẹ̀gún, ó ń gbọ̀n fún ìbínú. Ó ní, “Obìnrin, o purọ́ ní bodè mi! O ní o kì í pè é lórúkọ!”

Ìyàwó mi ní, “N kò purọ́. N kò mọ̀ pé bẹ́ẹ̀ ni yóò rí, ṣùgbọ́n òótọ́ ni mo sọ. Ìyàwó kì í pe ọmọ ọkọ lórúkọ. Ó ń fún un ní èyí tí yóò máa pè ni.”

“Nígbà náà, san án!”

“Ẹni tí ó sọ ọ́ ni ó ni í. Èmi ni mo sọ ọ́, n kò sì fi í fún yín. Àwọn fúnra wọn kò kà á mọ́ orúkọ wọn, ẹ sì gbọ́ ọ nígbà tí wọ́n ní ó tán.”

Oníbodè pa àtẹ́lẹwọ́ dé, ó ṣí i, kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Òfin bodè de òun náà. Ẹ̀gún là, a bọ́ síta, oòrùn sì fara kan òkè bí ó ti ń pa dé lẹ́yìn wa. Mo ṣì ń gbọ́ ọkùnrin tí ń yán náà, tí ń béèrè ohun tí òun ń jẹ́. N kò lè ràn án lọ́wọ́, ó sì ń dùn mí títí di òní.

A délé, ṣùgbọ́n àwọn orúkọ náà kò bá wa délé. Kò sí ará ilé kan tí ó rántí wọn. A pe ẹbí jọ, a tún sọ ọ́ lórúkọ, oyin, iyọ̀, omi, a kò fi nǹkan kan sílẹ̀. Kí ilẹ̀ tó mọ́, orúkọ tuntun náà ti ṣí kúrò lẹ́nu gbogbo wa. Ìdí tí ẹ̀yin fi ń pè é ní “Ìyá” lásán nìyẹn, tí ẹ rò pé àgbà ni ó fà á. Abùmifúnyàwó nìkan ni ó kù, ẹnu Morọ́mọkẹ́ nìkan ni ó sì ti ń jẹ́ ẹ. Bí èmi bá pè é bẹ́ẹ̀ nígbà náà, kì í gbọ́. Láti ọjọ́ náà, kò jìnnà sí ibi tí ohùn ìyàwó mi lè dé. Kò lọ ilé ọkọ. Ó máa ń sọ pé, “Ìyàwó wa, ẹ pè mí kí n gbọ́,” ìyàwó mi á sì pè é.

Ìgbà tí àìsàn dá Morọ́mọkẹ́ dùbúlẹ̀, gbogbo wa mọ ohun tí ń bọ̀, ẹnikẹ́ni kò sì lè sọ ọ́. Ní ọ̀sán ọjọ́ kan ó ní kí n súnmọ́ òun. Ó ní, “Bí mo bá mú orúkọ yìí lọ, ta ni yóò pe ọkọ mi wálé? Bàbá, ẹ kúnlẹ̀.”

Mo ní, “Kí èmi kúnlẹ̀ fún àbúrò mi?”

Ó ní, “Bí a ti ń pè é nìyẹn. Ẹ kúnlẹ̀, mo fi í fún yín.”

Èmi Ọdẹ́jìmí tí n kò kúnlẹ̀ fún ọba, mo kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹní. Mo pè é. Ó dáhùn láti ẹ̀yìnkùlé, ó ní, “Mò ń bọ̀!” Ó gbé omi wá, ó ń dà á lọ́nà. Ìyàwó mi mu èyí tí ó kù, ó ní òùngbẹ òun ti tán, ó sì sùn, kò jí mọ́.

Nítorí náà, Làmídì, bẹ́ẹ̀ ni. Èmi ni ìyàwó ilé yìí. Bí mo ti ń pè é ní ìṣáájú, ìwọ rí mi lórí àpótí, o kò wo orúnkún mi tí ó kan ilẹ̀. Ṣùgbọ́n orúnkún náà ti gbó. Bí mo bá lọ, n kò mọ ẹni tí yóò…

Làmídì, kí ni o ń ṣe nílẹ̀ yẹn? O kò rẹ́rìn-ín mọ́? Ó dáa. Kúnlẹ̀ dáadáa, orúnkún méjèèjì. Mo fi í fún ọ, gẹ́gẹ́ bí ó ti fi í fún mi. Gbé ohùn sókè díẹ̀, kí o sì pè é.

Ẹ dákẹ́, gbogbo yín. Ṣé ẹ gbọ́? Ó ní òun ń bọ̀. Ẹ ká ẹsẹ̀ yín kúrò lọ́nà, omi ń dà bọ̀.